Ẹ̀wà Méjìlá Lórí Tíréè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba tó dá ẹ̀mí mi sí, tí mo fi lè jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ẹ̀gbẹ́dá kí n kọ èyí pẹ̀lú ọwọ́ tí kò tíì máa gbọ̀n. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ tó ń parí sẹ́kọ́ńdírì ládùúgbò wa máa ń bi mí pé, "Ìyá Kúdí, ṣé iṣẹ́ àkáǹtì ṣì wúlò báyìí tí fóònù lè ṣírò gbogbo nǹkan?" N kì í dá wọn lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ìdáhùn mi gùn. Òun ni mo jókòó kọ yìí.

Ilé búrẹ́dì kan ní ọ̀nà Ìgándò ni mo ti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti mọ bí ináwó ṣe ń rìn nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ àti nígbà tí ó bá dín. Owó ilé kò bìkítà bóyá ẹ yan búrẹ́dì tàbí ẹ ò yan, iye kan náà ni. Fúláwà ní tirẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ: bí àpò bá lé, ináwó á lé. Méjèèjì yìí rọrùn. Ohun tó ń fọ́ èèyàn lórí ni dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ kò tilẹ̀ po fúláwà kankan lọ́jọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ á jó epo láti tan iná àti láti fa omi. Bí ẹ bá wá tan ẹ̀rọ tó ń po fúláwà, á tún jó sí i. Epo inú táǹkì kan náà ni, kò sì sí ohun tó máa sọ fún yín pé èyí ni ti iná, èyí ni ti búrẹ́dì. Èmi ni wọ́n ń sanwó fún pé kí n yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí ẹni tí kò bá lè yà wọ́n kò lè sọ iye tó yẹ kó ta búrẹ́dì.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò ní ìtàn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mọ ìyàwó Alhaji tó ni ilé búrẹ́dì, wọ́n sì ní kí n máa bọ̀. Owó oṣù náà kéré, àmọ́ ó ń dé lásìkò.

Ọ̀gá Adéọlá ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, Dópémú ló ń gbé, ẹ̀wù rẹ̀ funfun lójoojúmọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú fúláwà la wà. Mo ti rò pé màá jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó mú mi lọ sídìí ààrò, ó fún mi ní ìwé ńlá kan, ó ní, "Muṣínátù, ibí ni ọ́fíìsì rẹ fún oṣù mẹ́ta."

Ìwé ààrò là ń pè é. Lójoojúmọ́, màá kọ iye àpò fúláwà tí a yan, màá sì kọ déètì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí. Alhaji wa ń yọ sàká lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí òṣùpá ṣe ń lọ, nítorí náà ìwé iye búrẹ́dì wa ń parí pẹ̀lú oṣù ojú ọ̀run: Mùhárámù, Sàfárì, títí kan Ràmàdánì àti Ṣáwàlì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé dísẹ́ẹ̀lì wá ń ka oṣù ti òyìnbó, òun ni ìwé epo sì ń tẹ̀ lé. Òǹkà oṣù méjì wà nínú ọ́fíìsì kan, ìwé ààrò nìkan ni méjèèjì ti pàdé. Kí Ọ̀gá tó fi iye búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye epo, á ní kí n ṣí ìwé ààrò, kí n ro iye àpò pọ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ kìíní oṣù òyìnbó títí dé òpin rẹ̀. Ti ọdún kan ń gbà mí ní ọjọ́ méjì gbáko. Mo rò pé ìyà ló fi ń jẹ mí.

Ó le, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kò gbà kí n ní rọ́bà ìpàwérẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bí mo bá ṣi nǹkan kọ, màá fa ìlà kan ṣoṣo sórí rẹ̀, màá kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá sì buwọ́ lù ú. "Kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ mọ ibi tí o ti ṣubú," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ní ilé-kéwú Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ti kàwé, Àlùfáà wa kì í jẹ́ ká fo lẹ́tà kan. Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ irú wọn, àṣé ọ̀kan ń dúró dè mí ní Ìgándò pẹ̀lú táì lọ́rùn.

Òun ló kọ́ mi ní ọ̀nà òkè-àti-ìsàlẹ̀. Wàá mú oṣù tí iṣẹ́ pọ̀ jù lọ, wàá mú èyí tó kéré jù lọ. Wàá wo iye àpò tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ, wàá wo iye lítà tó fi jù ú lọ, wàá pín lítà náà sára àpò náà. Èyí ni epo tí àpò kan ń jẹ. Bí o bá yọ epo gbogbo àpò oṣù kan kúrò nínú epo oṣù náà, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni epo tí jẹnẹrétọ̀ ń jó bóyá ẹ ṣiṣẹ́ tàbí ẹ ò ṣe. Kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Inú mi dùn sí i gan-an, ó sì rí i lójú mi.

"Má fẹ́ràn rẹ̀ jù," ó wí. "Oṣù méjì péré lo béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀kan bá ṣì ọ́ lọ́nà, kò sí ẹlẹ́rìí mìíràn."

Nítorí náà òun fúnra rẹ̀ a máa kọ́kọ́ tọ́ àmì sórí pépà onílà kéékèèké, àmì kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan, iye àpò nísàlẹ̀, iye lítà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Á wò ó títí kó tó mú kákúlétọ̀. Èmi kì í ní sùúrù fún ìyẹn.

Ní ọdún kẹsàn-án mi, Ọ̀gá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ilé-ìwé mẹ́ta tí ọmọ ń gbé inú wọn ní àwọn fẹ́ kí a máa gbé búrẹ́dì fún àwọn ní gbogbo ọdún, ní iye kan tí kò ní yí padà. Ọ̀ọ́dúnrún àpò sí i lóṣooṣù ni. Alhaji pè mí. "Mo fẹ́ mọ epo tí àpò kan máa jẹ. Ọ̀túnla ni wọ́n ń bọ̀."

Ọjọ́ méjì ló fún mi, ìwé ààrò sì ń gba ọjọ́ méjì. Mo lè bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mi ò bẹ̀rẹ̀. Mo mú ìwé iye búrẹ́dì àti ìwé epo, mo fi oṣù ojú ọ̀run kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù òyìnbó tí òṣùpá rẹ̀ yọ nínú rẹ̀. Ràmàdánì ló pọ̀ jù, nítorí búrẹ́dì ìṣínu tí àwọn mọ́sáláṣí ń rà: 900 àpò, 4,400 lítà. Oṣù tó kéré jù jẹ́ 500 àpò, 3,600 lítà. Mo yọ ọ́, mo pín in. Lítà méjì fún àpò kan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo buwọ́ lù ú, mo tún kírun Àsárì lásìkò. Alhaji fi lítà méjì yẹn ṣe àdéhùn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, epo kò bára mu. Gẹ́gẹ́ bí ìwé mi, ọ̀ọ́dúnrún àpò yẹ kó jẹ 600 lítà sí i lóṣù. 1,200 ló ń jẹ. Máníjà wa, Wàsíù, ọmọ àbúrò Alhaji, ní kí n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí n sì kọ orúkọ ẹni tó wà nídìí epo. Mo kọ ọ́: 1,800 lítà kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ẹni tó wà nídìí epo: Sùbérù.

Sùbérù ló ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó sì jẹ́ ẹni tó ń pe ìrun fún wa ní mọ́sáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́. Ó ń kọ́lé oníyàrá méjì lọ́wọ́ nígbà yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù sí i ni. Wàsíù kò wá ẹ̀rí mìíràn.

Ní Ọjọ́rú, Alhaji pe gbogbo wa jọ. Sùbérù dúró láàárín, epo dúdú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Epo ta ló kan páànù yẹn?" Wàsíù bi í.

"Èésú ni, sà. Ọdún méjì ni mo fi dá a."

"Èésú. Èésú oní dísẹ́ẹ̀lì ṣá."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo fún ọ di ọjọ́ Jímọ̀. Bí a bá kírun tán tí o kò tíì sọ ibi tí epo náà wọlé sí, àwọn ọlọ́pàá ni wàá sọ ọ́ fún."

Sùbérù yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló wá, níwájú gbogbo wọn. "Ìyá Kúdí, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ wo ojú mi kí ẹ sọ pé mo jí i."

Ìwé ọwọ́ mi ni mo ń wò.

Nígbà tó pe ìrun Àsárì lọ́jọ́ náà, mo wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin, mo sì rí i kedere. Ó dúró sórí ìlà. Ọkùnrin tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ti ọwọ́ òsì náà sún. Àyè ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó dí i títí a fi sàlámà. Mi ò mọ ohun tí mo kà nínú ìrun yẹn. Mo ń ronú pé bí ìṣirò mi bá tọ́, olè ni. Bí kò bá tọ́ ńkọ́? Ó di ìgbà yẹn kí n tó bi ara mi.

Ní ọ̀sán Alámìísì mo tọrọ àyè, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Dópémú. Ọ̀gá Adéọlá wà lórí àga, aṣọ funfun bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lórí tíréè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìnira, sà. Ojú ńkọ́?"

"Wọ́n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dì mí bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Kí ló gbé ọ wá lọ́jọ́ iṣẹ́?"

Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Kò gé mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ṣé o tọ́ àmì rẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Kí ló dé?"

"Àkókò ò sí, sà."

"Ó ti wá wà báyìí, àbí?"

Ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Fún wa ní tíréè yẹn, àti táwẹ́lì tútù kan."

"Bàbá, ẹ̀wà alẹ́ yín lẹ fẹ́ fi ṣe àkáǹtì yìí o," màmá wí.

"Ẹyọ méjìlá péré ni. Èyí tó kù á yó wa."

Mo tẹ́ táwẹ́lì tútù sórí tíréè kí ẹ̀wà má baà yí. Ó ní kí n máa fi ìbú ìka kan ka ọgọ́rùn-ún àpò lọ sápá ọ̀tún, kí n fi ìbú ìka kan ka igba lítà lọ sókè. Mo ń ka oṣù jáde láti inú ìwé mi, mo ń fi ẹ̀wà kan lé ibi tó yẹ. Nígbà tí ó pé méjìlá, ó sún mọ́ tíréè, ó sì fi ìka rẹ̀ tọ́ wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wá ìyàngbò nínú ìrẹsì.

"Mẹ́wàá tò sórí ìlà kan," ó wí. "Méjì jáde. Èyí tó lọ jìnnà jù lápá ọ̀tún rẹlẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀kan wà níbí, láàárín, tó ga fíofío. Kí lorúkọ wọn?"

"Ràmàdánì ni ti ọ̀tún, sà. Èyí tó ga ni Ṣáwàlì, oṣù tó tẹ̀ lé e."

"Ẹ yan 900, ẹ jó 4,400. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ yan 600, ẹ jó 4,800. Muṣínátù, ṣé jẹnẹrétọ̀ yín náà gbààwẹ̀ ni, tó wá ń jẹun lẹ́yìn ọdún?"

Màmá rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín.

"Ọjọ́ wo lẹ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ náà nínú oṣù òyìnbó?"

"Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí oṣù parí, sà."

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo rí àṣìṣe mi. Ọjọ́ mẹ́wàá péré nínú Ràmàdánì ló bọ́ sínú oṣù tí mo fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Epo ogún ọjọ́ tó kù wà nínú oṣù kejì. Mo gbé búrẹ́dì oṣù ààwẹ̀ lódindi, mo fi epo oṣù tí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ kì í ṣe ààwẹ̀ wọ̀n ọ́n. Oṣù tó kéré jù kò pa mí lára, torí àwọn oṣù tó yí i ká náà kéré bákan náà. Ràmàdánì nìkan ló tó láti gbé ọkùnrin kan lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀gá ní kí màmá fún òun ní òwú ìránṣọ. Ó na òwú náà tẹnrẹn gba àárín ẹ̀wà mẹ́wàá yẹn, àwọn kan díẹ̀ lókè, àwọn kan díẹ̀ nísàlẹ̀. "Gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo wọn. Ohun tí mo ń fi òwú ṣe yìí, ìṣirò kan wà tó ń fi nọ́ńbà ṣe é, rìgírẹ́ṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Á wá ìlà tó sún mọ́ gbogbo àmì jù lọ. Màá kọ́ ọ bí ojú mi bá là. Ka gígùn rẹ̀ fún mi."

Mo kà á. Ìka kan sápá ọ̀tún, ìka méjì sókè. Lítà mẹ́rin fún àpò kan.

Mo na ọwọ́ láti kó ẹ̀wà méjì tó jáde kúrò. Ó gbá ọwọ́ mi bí ẹni pé ó ń ríran. "Má dà wọ́n nù. Lọ mọ ibi tí wọ́n ti sọnù."

Mo padà sí Ìgándò, mo ṣí ìwé ààrò. Mo rò ó títí di Màgàríbì, mo tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun Sùbúhì. Nígbà tí mo fi ọjọ́ òyìnbó ka búrẹ́dì, oṣù tí mo pè ní 900 di 700 àpò. Èyí tí mo pè ní 600 di 800. Àmì méjèèjì bọ́ sórí ìlà bí ẹni tó padà sílé: 1,600 lítà bóyá a ṣiṣẹ́ tàbí a ò ṣe, lítà mẹ́rin lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Lítà mẹ́rin lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún jẹ́ 1,200. Kò sí epo kankan tó sọnù.

Ọmọ mẹ́ta ni mo ń dá tọ́ nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé bí mo bá wọlé lọ bá Alhaji, ó ṣeé ṣe kí n jáde láìníṣẹ́. Mo kírun rákà méjì, mo wọlé. Wàsíù wà níbẹ̀, Sùbérù náà wà níbẹ̀, ó ti wọ aṣọ mímọ́ bí ẹni tó ń rìnrìn àjò.

"Alhaji, èmi ni mo ṣì í," mo wí. "Sùbérù kò jí nǹkan kan." Mo tẹ́ ìwé síwájú wọn, mo sì ṣàlàyé ọjọ́ mẹ́wàá àti ogún ọjọ́.

Wàsíù ti ìwé náà sẹ́yìn. "Nígbà tí ẹ kọ méjì, ẹ buwọ́ lù ú. Lónìí ó di mẹ́rin. Tó bá dọ̀la ńkọ́, mẹ́fà? Àánú ọmọ ìlú yín ló ń ṣe yín jàre."

"Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ìsẹ́yìn ni tiẹ̀."

Alhaji wo ìwé náà pẹ́. Níkẹyìn ó ní, "Wàsíù, ọ̀pá tí a fi ń wọn epo dà? Lọ́la a máa yan ogún àpò. Lọ́jọ́ Àìkú a máa yan ọgbọ̀n. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá dúró ti táǹkì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Sùbérù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọlọ́pàá dúró di ọjọ́ Ajé."

Ọjọ́ méjì yẹn gùn ju ọdún mẹ́sàn-án tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Bí àpò mẹ́wàá tó lé bá jẹ ogún lítà, mo ti parọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ ogójì, Sùbérù bọ́.

Ọjọ́ Ajé, Wàsíù mú ìwé rẹ̀ wá, kò wo ẹnikẹ́ni. Epo ọjọ́ Àìkú fi lítà mọ́kànlélógójì ju ti ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Alhaji bẹ Sùbérù níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Kò lé mi. Ó ní ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí ṣòro láti rí gbà síṣẹ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn ti wà nílẹ̀. Ilé-ìwé kan gbà kí a fi díẹ̀ kún owó búrẹ́dì, méjì kò gbà. Kò sí àgbò Iléyá fún òṣìṣẹ́ kankan lọ́dún náà, gbogbo wọn sì mọ ẹni tó fà á.

Sùbérù kò kí mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó wọ ọ́fíìsì. "Ibi tí ẹ kọ orúkọ mi sí dà?" Mo fi hàn án. "Ẹ má ya á dà nù o. Ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣì í." Mo fa ìlà náà níṣojú rẹ̀, mo kọ ọ́, mo buwọ́ lù ú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé pépà kan wá, iye epo inú táǹkì, pẹ̀lú déètì méjèèjì. Ó ní, "Láti òní lọ, èmi fúnra mi ni màá máa gbé e wá, kí ẹ buwọ́ lù ú lójú mi. Ẹnikẹ́ni ò ní tún pè mí lólè nítorí òṣùpá." Pẹ̀lú ìbínú ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń bá mi mu tíì kó tó padà.

Ojú Ọ̀gá là, ó sì kọ́ mi ní rìgírẹ́ṣọ̀n bó ti ṣèlérí. Pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, ojú ewé mẹ́rin ni fún ọdún kan. Ó ti ṣaláìsí báyìí, kí Ọlọ́run fún un ní oorun ìrọ̀rùn. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà dé, ojú ewé mẹ́rin sì di títẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan. Mo dúpẹ́ fún un, ọwọ́ mi sinmi. Wọ́n gba Bùkọ́lá, ọmọbìnrin tó jáde yunifásítì, kó lè rọ́pò mi. Ó mọ kọ̀ǹpútà náà ju bí mo ṣe mọ ilé mi lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó kó ìwé oṣù ojú ọ̀run àti ìwé epo wọ inú rẹ̀ bí mo ti ṣe nígbà náà, ìlà rẹ̀ sì jáde dáadáa lójú.

"Ó parí, mà," ó wí.

"Tọ́ àmì rẹ̀ kí n rí i."

"Kọ̀ǹpútà ti ṣe é, mà."

"Mo mọ̀. Tọ́ ọ, jàre."

Ó tọ́ ọ. Méjì jáde kúrò lórí ìlà. Ó wò wọ́n, ó wò mí. Mo kàn gbé ìwé ààrò fún un, mo sì jáde lọ kírun.

Lọ́jọ́ tí mo ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, Sùbérù gbé pépà rẹ̀ wá láàárọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo buwọ́ lù ú. Kò lọ. Ó ní, "Ìyá Kúdí, lọ́la ńkọ́? Ta ni màá máa gbé e fún?"

Kí n tó lanu, Bùkọ́lá ti na ọwọ́ láti ìdí tábìlì rẹ̀. Ó gba pépà náà, ó kà á, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Bàbá Sùbérù," ó wí, "ẹ kọ déètì òyìnbó níbí. Òṣùpá tiwa dà?"